Bí Ògiri Bá Wó, Ta Ni Yóò Dúró Síbẹ̀?

Ìtàn àwọn aṣọ́lé Calgary Flames tí ara wọn kò gbà, àti ti ọmọ kan nílé wa

Bí ènìyàn bá ti gbé ní Calgary tó ọdún méjì, yóò ti mọ̀ pé kò sí ibi tí a lè sá sí tí họ́kì kò ní bá wa. Kí òtútù tóó mú dáadáa ni àwọn aládùúgbò yóò ti máa bu omi sí ẹ̀yìnkùlé wọn kí ó lè dì, kí àwọn ọmọ lè rí ibi gbá a. Ní báǹkì, níbi iṣẹ́, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ọ̀rọ̀ Flames ni wọn yóò máa sọ: ṣé ẹ wo eré àná? Àwa tí a dàgbà sí ìdí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tí a mọ orúkọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn bí ẹni mọ orúkọ ẹbí, a ó kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ọmọ wa kì í rẹ́rìn-ín músẹ́ ní tiwọn. Wọ́n ti di ọmọ ìlú.

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló dé láti ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ gbá họ́kì, àti pé òun kò fẹ́ wà lára àwọn tó ń sáré kiri. Aṣọ́lé ni òun fẹ́ ṣe. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà; wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti bá wa ṣe ọdún Kérésìmesì. Nígbà tí a wọ gbogbo ìhámọ́ra náà fún ọmọ tán, páàdì lẹ́sẹ̀, páàdì láyà, ìbọ̀wọ́ tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, irin lójú, ìyá mi wò ó títí. Wọ́n ní, "Ẹ ti sọ ọmọ di ògiri. Ó dáa. Bí ògiri náà bá wó ńkọ́, ta ni yóò dúró síbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìtàn ikọ̀ ìlú wa kí n lè rí nǹkan bá ọmọ mi sọ, mo rí i pé ìbéèrè yẹn gan-an ló ti ń yọ Calgary Flames lẹ́nu láti ohun tó lé ní ogún ọdún.

Iṣẹ́ tí aṣọ́lé ń ṣe

Fún àwọn tí kò tíì wo eré yìí rí: ènìyàn mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé sórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn márùn-ún yòókù ń wọlé, wọ́n ń jáde. Kì í sábà tó ìṣẹ́jú kan tí wọn yóò fi padà sí bẹ́ǹṣì lọ mí, tí àwọn mìíràn yóò sì rọ́pò wọn. Aṣọ́lé nìkan ni kì í pààrọ̀. Ìṣẹ́jú 60 ni eré, ibẹ̀ ni ó sì máa wà. Ilé tí ó ń ṣọ́ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Ohun tí wọ́n ń gbá sí i kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan ni, puck ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ̀ ní íǹṣì 3, ó nípọn ní íǹṣì 1, wọ́n sì máa ń mú kí ó dì kí eré tóó bẹ̀rẹ̀ kí ó má baà máa ta. Ó máa ń le bí òkúta. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá bá gbá a, ó lè sáré ju kìlómítà 160 lọ láàárín wákàtí kan. Ẹ rántí pé 100 ni ìjọba gbà wá láyè láti sá lórí Deerfoot Trail.

Síbẹ̀, kì í ṣe rọ́bà náà ló ń ba ara aṣọ́lé jẹ́ jù. Ìdúró rẹ̀ ni. Láyé àtijọ́, ìnàró ni ọ̀pọ̀ aṣọ́lé máa ń wà. Lóde òní, bí wọ́n bá fẹ́ gbá a sí i, yóò ju orúnkún méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì ta ẹsẹ̀ méjèèjì sí ọ̀tún àti òsì kí páàdì lè bo gbogbo ilẹ̀ níwájú ilé. Ìdúró labalábá ni wọ́n ń pè é. Ó dára lójú, ó sì ń dí ojú ilé pa. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú pálọ̀ yín, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ óò mọ ibi tí ó ti ń dun ènìyàn: ìgbáròkó, abẹ́ itan, ẹ̀gbẹ́ orúnkún. Aṣọ́lé ń ṣe é láìmọye ìgbà nínú eré kan, ó tún ń ṣe é níbi ìdánrawò. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ìyàwó mi ló fà mí dìde.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ lo irú ìdúró yìí ni Glenn Hall, ọmọ ìlú Humboldt ní Saskatchewan. Láti 1955 títí di 1962, ó ṣọ́lé fún Detroit, lẹ́yìn náà fún Chicago, nínú eré 502 léraléra láìfo ọ̀kan, láìfi ohunkóhun bojú. Kò sí aṣọ́lé tó tún ṣe é láti ìgbà náà, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún ṣe é. Iṣẹ́ náà ń ká a lára débi pé ó máa ń bì kí eré tóó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe rọ́bà ló sì dá a dúró níkẹyìn, ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè tẹ̀ mọ́. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé Calgary jẹ àǹfààní rẹ̀: ó wà pẹ̀lú Flames gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àwọn aṣọ́lé nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Stanley Cup ní 1989, tí Mike Vernon, ọmọ bíbí Calgary, ń ṣọ́lé. Ìyẹn ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ife náà tíì wọ ìlú wa.

Nígbà tí kò sí ẹnìkejì

Ìbéèrè ìyá mi jẹ́ èyí tí àwọn tó ń darí ìdíje NHL kò fẹ́ dáhùn fún ọdún pípẹ́. Aṣọ́lé kan ṣoṣo ni ikọ̀ máa ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1928, nínú àṣekágbá ife Stanley Cup, rọ́bà ba Lorne Chabot ti New York Rangers lójú. Kò sí ẹlòmíràn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Lester Patrick, ẹni ọdún 44 tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ló bọ́ aṣọ rẹ̀, ó wọ ti aṣọ́lé, ó sì lọ dúró síbẹ̀. Rangers ló borí. Wọ́n ṣì ń sọ ìtàn yẹn títí dòní bí ẹni pé ohun ìwúrí ni, ohun ìwúrí náà sì ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun ìtìjú ló kọ́kọ́ jẹ́. Báwo ni ẹgbẹ́ tó ń san owó fún odindi agbo agbábọ́ọ̀lù ṣe wá gbé gbogbo ẹrù lé ojú ẹnìkan ṣoṣo?

Ọdún 31 lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1959, rọ́bà la ojú Jacques Plante ti Montreal. Wọ́n mú un wọlé, wọ́n rán ojú rẹ̀, gbogbo pápá ń dúró dè é. Plante ní òun kò ní padà síta àfi bí wọ́n bá jẹ́ kí òun wọ ìbòjú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ kò fẹ́ràn ìbòjú náà rárá, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe? Kò ní aṣọ́lé kejì. Báyìí ni ìbòjú ṣe wọ inú eré náà, tí ó sì wà lójú ọmọ mi lónìí. Ó tó sáà 1965-66 kí NHL tóó sọ ọ́ di dandan pé aṣọ́lé méjì gbọ́dọ̀ wọṣọ fún eré kọ̀ọ̀kan.

Méjì náà kì í sì í fi gbogbo ìgbà tó. Ní oṣù kejì ọdún 2020, aṣọ́lé Carolina méjèèjì ló ṣèṣe ní Toronto lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ David Ayres, ẹni ọdún 42, tó ti ṣiṣẹ́ awakọ̀ tó ń dán yìnyín, tí kíndìnrín ìyá rẹ̀ sì ni ó ń lò lára, ni wọ́n pè láti ibi ìjókòó òǹwòran wá ṣọ́lé. Carolina ló borí, góólù 6 sí 3. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá mi, apá kíndìnrín nìkan ni wọ́n gbọ́. "Ìyá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le?"

Adékúnlé nínú ikọ̀ náà

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ìtàn Flames. Orúkọ tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀wù tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí wọ dàgbà ni Iginla. Àwọn asọ̀ròmágbèsì kì í fi ohùn sí i bó ti yẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ohun tó ń jẹ́: igi ńlá. Edmonton ni wọ́n ti bí Jarome Iginla ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1977. Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ó sì di agbẹjọ́rò ní Canada. Ará Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀. Adékúnlé wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Òun ni balógun ikọ̀ Flames fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti wà nínú ilé ọlọ́lá àwọn agbá họ́kì báyìí.

Ohun tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu ni pé aṣọ́lé ni Iginla fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí ó fi gbá họ́kì, ilé ló ń ṣọ́, nítorí pé ó fẹ́ dà bí Grant Fuhr, aṣọ́lé aláwọ̀ dúdú tí ó ń bá Edmonton Oilers gba ife nígbà náà. Lẹ́yìn náà ló bọ́ síwájú, tó di ẹni tí ń jẹ góólù. Mo ti bi ara mi pé kí ni ìbá ti ṣẹlẹ̀ sí Calgary bí kò bá bọ́ síwájú. Bóyá à bá ti ní aṣọ́lé gidi. Bóyá orúnkún ni ìbá sì ti mú un fẹ̀yìn tì tipẹ́.

Iginla wà nínú ikọ̀ ní sáà 1998-99, ìgbà tí ìṣòro aṣọ́lé kọ́kọ́ lé Flames kúrò lójú oorun. Ken Wregget ni wọ́n gbé ojú lé. Láti Pittsburgh ni wọ́n ti mú un wá ní 1998, ẹni ọdún 34, ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà lámọ̀dunjú. Ẹ̀yìn kò jẹ́ kí ó gbádùn. Nínú eré 82, kò gbá ju 27 lọ. Wọ́n na ọwọ́ sí àwọn ọ̀dọ́, Jean-Sébastien Giguère àti Tyler Moss. Ìyẹn náà kò tó. Wọ́n pe Andrei Trefilov. Wọ́n pe Tyrone Garner, ọmọ Ontario, ọmọ ogún ọdún, tó gbá eré mẹ́ta, tí kò sì tún rí eré NHL mìíràn gbá láyé rẹ̀. Níkẹyìn wọ́n pe Fred Brathwaite láti inú ikọ̀ orílẹ̀-èdè Canada, òun ló sì wá gbé e nílẹ̀. Aṣọ́lé mẹ́fà láàárín sáà kan ṣoṣo! Ẹ ro ti àwọn adènà tó wà níwájú wọn. Olúkúlùkù aṣọ́lé ní bó ṣe ń pariwo fún àwọn ará iwájú rẹ̀, ibi tí ó fẹ́ kí wọ́n dúró sí, rọ́bà tí ó fẹ́ gbà fúnra rẹ̀ àti èyí tí ó fẹ́ kí wọ́n gbé lọ. Bí ẹ bá ti mọ ohùn ọ̀kan, ẹlòmíràn ti dé. Flames kò rí ọ̀nà wọ ìpele ìkẹyìn lọ́dún náà.

Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ sáà yẹn ni ti Giguère. Ní ọdún 2000 ni wọ́n fi í fún Anaheim, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ kan dípò rẹ̀. Ní 2003, òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìpele ìkẹyìn, ní 2007 ó sì gba ife Stanley Cup. Láàárín àwọn mẹ́fà tí à ń sáré pè, tí à ń pààrọ̀ bí aṣọ iṣẹ́, èyí tí à ń wá wà níbẹ̀.

Fuhr dé, àti ọ̀rọ̀ ara tí kò gbà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, Flames mú Grant Fuhr fúnra rẹ̀ wá láti St. Louis. Ẹ ro bí yóò ti rí lára Iginla: ẹni tí o torí rẹ̀ wọ páàdì ní kékeré ló wá jókòó nítòsí rẹ nínú yàrá ìmúra yìí. Ṣùgbọ́n Fuhr ń lọ sí ọdún 37, orúnkún rẹ̀ sì ti lọ. Nínú ẹ̀wù Flames ló ti borí fún ìgbà 400 láyé rẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n eré 23 péré ló lè gbá nínú gbogbo sáà náà, Brathwaite ló gbá èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ó fẹ̀yìn tì ní 2000. Ní 2003, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sínú ilé ọlọ́lá náà.

Wọ́n ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe irú aṣọ́lé bẹ́ẹ̀ níbí, bí ẹni pé ìpalára jẹ́ ìwà tí a bí mọ́ ọn. Àwa náà ní tiwa: ẹlẹ́gẹ́, abara-bí-ẹyin. N kò fẹ́ràn méjèèjì. Ẹ wo Fuhr. Ní sáà 1995-96, ó gbá eré 79 nínú 82 fún St. Louis, 76 nínú wọn, ṣe ni wọ́n tẹ̀ léra láìsí ìsinmi. Ta ni yóò pe ẹni yẹn ní ẹlẹ́gẹ́? Ìgbà tí wọ́n wá dé ìpele ìkẹyìn, ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀ jù, agbábọ́ọ̀lù Toronto kan ṣubú lù ú nílé rẹ̀, iṣan orúnkún rẹ̀ sì ya. Ara tí a bá lò bẹ́ẹ̀, bí ó bá kọ̀ ní ọjọ́ kan, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Bí Kiprusoff ṣe dé

Ní 2003, ìtàn náà tún bẹ̀rẹ̀. Roman Turek, ará Czech tó ga fíofío, ni aṣọ́lé àgbà. Sáà kò tíì jìnnà tí orúnkún rẹ̀ fi ṣèṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, Darryl Sutter tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ọ̀gá àgbà ikọ̀ kò sáré kiri. Ó mọ ẹnìkan. Ó ti ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ní San Jose rí, ó sì mọ̀ pé aṣọ́lé kan láti Finland, Miikka Kiprusoff, wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ẹnìkẹta, tí kò rí ààyè gbá. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, ó fi ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀dọ́ kan gbà á.

Kiprusoff bẹ̀rẹ̀ sí í dí ojú ilé pa. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tóó parí, orúnkún òun náà ṣèṣe! Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀, torí pé ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń fò kọjá nìyí. Flames kò wó. Turek ti padà, ẹlòmíràn sì tún wà níbẹ̀: Jamie McLennan. Ní 1996, àìsàn yírùnyírùn kọlu McLennan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Ó padà sórí yìnyín, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Masterton ní 1998 fún ìfaradà rẹ̀. Ní Calgary, aṣọ́lé kejì ló jẹ́. Ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn bẹ́ǹṣì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń gba rọ́bà níbi ìdánrawò lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ wẹ̀. Òun àti Turek ni wọ́n gbé ilé náà ró ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Kiprusoff kò fi sí níbẹ̀.

Nígbà tí Kiprusoff padà, kò sí ohun tó tún dá a dúró. Eré 38 ló gbá ní sáà náà, góólù tó sì ń wọlé rẹ̀ nínú eré kan kò ju 1.69 lọ, NHL kò tíì rí irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ikọ̀ tí kò wọ ìpele ìkẹyìn fún sáà méje ló borí Vancouver, ó borí Detroit, ó borí San Jose tó ta Kiprusoff fún wọn, tí Iginla tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di balógun sì jẹ góólù 13. Gbogbo 17th Avenue kún fún ẹ̀wù pupa lóròòru. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2004, Tampa Bay borí wọn nínú eré keje àṣekágbá, góólù 2 sí 1. Títí dòní, àwọn ará ìlú yìí kò tíì gbàgbé.

McLennan kò sí níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ni wọ́n ti fi òun àti àwọn méjì mìíràn ránṣẹ́ sí New York kí wọ́n lè gba ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ níwájú. Ẹni tó gbé agboorùn nígbà tí òjò ń rọ̀, ibòmíràn ló wà nígbà tí oòrùn yọ. N kò bá Sutter jà lórí rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ mo sọ orúkọ rẹ̀ fún ọmọ mi.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń bá Flames wíjọ́. Láti sáà 2005-06, sáà méje léraléra ni Kiprusoff gbá eré 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 82. Wọ́n rí ẹni tí kì í ṣàárẹ̀, wọ́n sì gbàgbé ohun tí ojú wọn ti rí. Aṣọ́lé kejì di ẹni tó ń jókòó. Kiprusoff fẹ̀yìn tì ní 2013, àti láti ìgbà náà, aṣọ́lé kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Mike Smith, tó ń lọ sí ọdún 36, tí ó sì ti ń gbá eré lé eré, ṣèṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì gbá púpọ̀ ni wọ́n sáré tì síwájú. Ìpele ìkẹyìn bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Odindi ogún ọdún ti wà láàárín òun àti Wregget.

Ní ilé wa

Bí agbá họ́kì NHL bá ṣèṣe, ohun tí ikọ̀ rẹ̀ sábà máa ń sọ fún aráyé kò ju "ara òkè" tàbí "ara ìsàlẹ̀" lọ. Wọn kò fẹ́ kí alátakò mọ̀ pé orúnkún ni, kí ó má baà máa fojú sun orúnkún. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ń gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń kọ́ ọ: ìrora jẹ́ àṣírí.

Ní oṣù kìíní, ìyàwó mi ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kì í tẹ̀ dáadáa láti so okùn bàtà rẹ̀ mọ́. A bi í, ó ní kò sí nǹkan. A tún bi í. Abẹ́ itan ń dùn ún láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ló dé tí kò sọ? Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Dádì, èmi nìkan ni aṣọ́lé. Tí mo bá sọ, wọ́n máa pàdánù."

Mo fẹ́ bá a wí, ẹnu mi sì kọ̀. Ta ló kọ́ ọ? Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n nìkan. Èmi tí mo máa ń sọ fún un pé ọmọkùnrin kì í sunkún, èmi tí mo fi ibà lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́ wa ní ìlú yìí tí mo sì ń fi ìyẹn yangàn lórí oúnjẹ, mo wà nínú ẹjọ́ náà.

Dókítà ní iṣan ló fà, pé kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo pe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, òbí bíi tèmi tí kì í gba owó. Inú rẹ̀ bàjẹ́ pé òun kò mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ó kọ̀wé sí gbogbo òbí pé láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ méjì ni yóò máa kọ́ iṣẹ́ ilé ṣíṣọ́, wọn yóò sì máa gbà á fún ara wọn. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì gbìyànjú rẹ̀ rí ló nawọ́ sókè. Páàdì ọmọ mi ni wọ́n fún un, torí pé owó páàdì kì í ṣe kékeré. Góólù mẹ́sàn-án ló wọlé rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, méjì.

Ní ọjọ́ náà, ọmọ mi wà ní bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹ̀wù ikọ̀ lórí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde. Ìyá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Òde lórí WhatsApp, mo sì yí fóònù sí orí yìnyín kí wọ́n lè rí i.

"Ògiri wa dà?" Wọ́n ní àwọn kò rí i níbi ilé.

Mo gbé fóònù lọ bá a. Ó ní ara òun ti ń yá, pé ó ku ọ̀sẹ̀ kan.

"Ta wá ni ìyẹn tó dúró síbẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Màmá àgbà. Ẹ dúró ná, ẹ wò ó, wọ́n ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀." Ó sì yíjú padà sí yìnyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ rẹ̀.